Nígbà tí Tàntí Dákẹ́

Ohùn tó wà nínú kọ̀ǹpútà àbúrò mi obìnrin, Tàntí ni a ń pè é nílé wa. Ohùn obìnrin ni, ó ń sọ Faransé bí ẹni tí imú rẹ̀ dí, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi kó mí. Bí o bá wá gbé Yorùbá fún un kó kà, yéè! Ó máa kà á bí òyìnbó tó sọnù sí Igolo, lẹ́nu bodè Nàìjíríà, tó ń wá ibi tí ọkọ̀ wà. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi á fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n Tàntí ni ojú àbúrò mi. Àbúrò mi ò ríran. Láti kékeré ni ojú ti ń dùn ún, kó tó parí kọ́lẹ́ẹ̀jì ó ti fọ́ pátápátá, wọ́n wá kọ́ ọ ní Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, bí ẹni tí kò ríran ṣe ń lo kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì nìkan ló ń tẹ̀, ohunkóhun tó bá sì wà lójú ẹ̀rọ, Tàntí á kà á sí i létí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní báráàkì onípáànù kan ní ẹ̀bá ọ̀nà níbí ní Ifangni, níbi tí mo ti ń ṣe fọ́tókópì, tí mo ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé, tí mo sì ń tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe. Èmi ni mo ra ti àbúrò mi fún un ní Igolo. Ọ̀nà Nàìjíríà ni irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti máa ń wọlé, nítorí náà àmì tó wà lórí bọ́tìnnì wọn, bí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ṣe tò ó ni, àwa sì rèé, ti Faransé ni wọ́n kọ́ wa nílé ìwé. Bí mo bá ti ṣètò rẹ̀ sí Faransé tán, ẹni tó bá ń wo bọ́tìnnì á tẹ A, Q ni yóò rí. Gbogbo ẹni tó bá yá a ló máa ń dá a padà pẹ̀lú èébú. Àbúrò mi nìkan ni kò sí wàhálà fún, nítorí ìka rẹ̀ ló mọ ibi tí gbogbo lẹ́tà wà, kì í ṣe ojú.

Èmi náà ni mo fi Línúùsì sí i. Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni, ọ̀fẹ́ ni, àwọn ènìyàn káàkiri ayé ló ń pawọ́ pọ̀ ṣe é, kò sì sí fírọ́ọ̀sì inú fílááṣì tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nílùú yìí, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n lò nínú àwọn tí mo mọ̀. Mo máa ń fi yangàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo máa ń fi yangàn gan-an, mo sì máa ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá bá mi jiyàn lórí rẹ̀. Ìbínú mi kì í pẹ́ dé rárá. Àwọn oníbàárà mi mọ̀ mí, wọ́n á ní, "Màdáàmù, ẹ ṣe sùúrù," kí n tó la ẹnu.

Ní ọdún tó kọjá, ilé rédíò kan ní Àjàṣẹ́ ń wá ẹni tí yóò máa gbọ́ ohùn àwọn àgbà tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní èdè Nàgó, ìyẹn Yorùbá tiwa níbí, tí yóò sì máa tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní kí àbúrò mi wá ṣe ìdánwò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó gbé kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ dání. Ẹ ò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún un. Nígbà mìíràn tó bá lọ kírun Jímọ̀, bó ṣe ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí báyìí, ẹnìkan á ti owó sí i lọ́wọ́, á ní kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Á dúpẹ́. Bó bá délé, á jókòó, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Iṣẹ́ ló fẹ́. Ó fẹ́ kí ẹnìkan san owó fún un nítorí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìdánwò yẹn, mo bá a lórí ẹní, ó ń mu gààrí, kọ̀ǹpútà wà lórí àpótí níwájú rẹ̀, Tàntí ń kàwé sí i létí. Bí mo ṣe bojú wo ẹ̀rọ, mo rí i lápá òkè pé àwọn mízàjúù wà nílẹ̀, ìyẹn àwọn ohun tuntun tí wọ́n fi ń tún ètò náà ṣe látìgbàdégbà. Wọ́n ti pọ̀ jọ. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

Mo ní, "Jẹ́ kí n bá ẹ ṣe mízàjúù, kó lè yá dáadáa lọ́la."

Ó gbé abọ́ gààrí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án lónìí. Bó ṣe wà yìí ti mọ́ mi lára. Bí mo bá ti Àjàṣẹ́ dé, ẹ ṣe gbogbo ohun tó bá wù yín sí i."

Mo ní ó dáa. Ẹnu mi ló ní ó dáa. Nínú mi, ara mi ti gbóná. Ta ló ra ẹ̀rọ? Ta ló fi ètò sí i? Ta ló wá ń sọ fún mi pé kí n má fọwọ́ kàn án? Òjò ṣú díẹ̀, ó dìde, ó ní òun ń lọ kó aṣọ tí a sá sẹ́yìn ilé. Bó ṣe yọ ẹsẹ̀ jáde ni mo fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi.

Mo rẹ ohùn Tàntí sílẹ̀ kó má baà máa kéde ohun tí mo ń ṣe. Mo ti mọ kóòdù rẹ̀, èmi ni mo yàn án fún un. Mo fi kónẹ́síọ̀n fóònù mi gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Kò pẹ́ rárá. Ó tún kù díẹ̀ kí àyè inú rẹ̀ kún, mo bá ní kó gbá àwọn ètò àtijọ́ dànù. Háà, ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí á ti di orí mú báyìí. Ìdí tí wọ́n fi ń fi ti àtijọ́ sílẹ̀ ni pé bí tuntun bá fa wàhálà, wàá lè pa ẹ̀rọ náà kí o fi ti àtijọ́ tàn án. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn ní báráàkì mi, màá sì bá wọn pariwo bí wọn ò bá gbọ́. Mo gbá a dànù nítorí mo fẹ́ kó mọ́.

Mo pa á, mo tún un tàn. Ní ibi tí Tàntí ti máa ń kí ènìyàn, kò sí nǹkan kan. Mo gbé ohùn sókè dé òkè pátápátá. Kò sí. 

Ìgbà náà ni àbúrò mi wọlé pẹ̀lú aṣọ lápá. Ó jókòó, ó na ọwọ́ wá ẹ̀rọ rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì tó máa ń pe Tàntí. Ó tún un tẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Tàntí ò fọhùn."

Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe omi gààrí yẹn lo dà sí i?"

Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀, ó kàn jáde ni. Ó fi ọwọ́ pa ìdí kọ̀ǹpútà náà káàkiri, ó ń wá ibi tó tutù, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ pa orí àpótí. Ó ní, "Ó lè ta sí i lóòótọ́. Mi ò mọ̀. Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n mi." Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni: èmi ni. Dípò ìyẹn, mo ní, "O kì í fara balẹ̀." Astagfirullah. Ẹnu yìí náà ni mo fi ń kírun.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ohùn, mo rí ohun tí ẹ̀rọ kọ síbẹ̀ ní Faransé: ibi tí ohùn lè gbà jáde, ti irọ́ nìkan ló kù. Báyìí ni Línúùsì ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí kò bá rí sípíkà kankan mọ́. Ó máa ń ṣe ọ̀kan tí kò sí, kó má baà dà bíi pé òfo ni. Sípíkà wà níbẹ̀ o, ẹ̀rọ ni kò mọ bó ṣe máa bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ètò kékeré kan wà tó máa ń wà láàárín àwọn méjèèjì, pilóòtì là ń pè é, òun ló dàrú. Mo gbìyànjú gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo tú ètò ohùn kúrò, mo tún un fi sí i. Mo ti okùn tí wọ́n ń fi sétí bọ̀ ọ́, kò dún. Mo pa á, mo tàn án, mo pa á, mo tàn án. Àbúrò mi jókòó tì mí, kò dá mi dúró, ó kàn ń na etí sílẹ̀ de Tàntí.

Mo ní kó mú kọ̀ǹpútà báráàkì mi lọ. Mo sọ ọ́ tán ni mo rántí pé èyí tí wọ́n ń gbé ka orí tábìlì ni, ta ló fẹ́ di ìyẹn mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà zẹ́m dé Àjàṣẹ́? Inú bí mi sí kọ̀ǹpútà náà, ó bí mi sí òjò, ó bí mi sí kónẹ́síọ̀n tó ń já, tó ń lọ lẹ̀ mọ́ ti Nàìjíríà tó ń padà. Gbogbo ayé ni inú ń bí mi sí, àfi ẹni tó yẹ kó bí mi sí.

Ibì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń lo Línúùsì ní èdè Faransé ti máa ń bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ mi síbẹ̀. Ẹnìkan tí mi ò mọ̀ rí dáhùn láìpẹ́. Ìbéèrè kan ló bi mí: "Kí lẹ ṣe kẹ́yìn kó tó dákẹ́?"

Àbúrò mi ní, "Kí ni wọ́n sọ?"

Mo ní wọ́n ń béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo sì kọ ọ́ fún ẹni náà pé mi ò ṣe nǹkan kan, pé ó kàn dákẹ́ ni, bóyá omi ló ta sí i. Ta ni mo ń purọ́ fún? Ẹni tí kò mọ̀ mí, tí kò mọ Ifangni, tí kò ní rí mi láéláé. Ṣùgbọ́n àbúrò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì ṣe mí bíi pé bí mo bá kọ òtítọ́, yóò gbọ́ ọ láti inú ìka mi.

Ẹni náà ní bó bá jẹ́ omi ni, kí n tú ẹ̀rọ, kí n wo okùn sípíkà bóyá ó ti dípẹtà. Kí ni ìbá tún sọ? Mo gbé sukudiráfà, mo sì tú ìdí kọ̀ǹpútà tí kò ní àìsàn kankan. Àbúrò mi la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo ń kó àwọn nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ náà sí i. Kò pa ọwọ́ dé, kò mì, ó ń ṣọ́ra kí ọ̀kankan má baà já bọ́. Inú ẹ̀rọ náà gbẹ táútáú. Eruku nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ó tutù?"

Mo ní, "Díẹ̀."

Ó kàn mi orí. Mo tò ó padà bó ṣe wà, mo gba àwọn nọ́ọ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títí di ìrọ̀lẹ́, Tàntí ò fọhùn. Àbúrò mi kírun tirẹ̀, ó pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀, lẹ́yìn náà ó to aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́la sórí àga bí ẹni pé ó ṣì ń lọ. Mi ò lè wò ó. Mo ní orí ń fọ́ mi, mo lọ dùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun àsúbàá, mo mú fóònù jáde sí ẹ̀yìn ilé, mo dúró sábẹ́ okùn tí a ń sá aṣọ sí. Ara mi ti wálẹ̀. Mo kọ ọ́ fún ẹni àná yẹn bó ṣe rí: pé mo ṣe mízàjúù, pé mo tún gbá àwọn àtijọ́ dànù, pé irọ́ ni omi, pé ẹ̀rọ afọ́jú ni, pé ó ń lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Mo rò pé yóò bú mi. Kò bú mi. Èsì dé kí oòrùn tó yọ dáadáa. Ó ní ìbá jẹ́ pé mo ti sọ bẹ́ẹ̀ lánàá, ọ̀rọ̀ náà ìbá ti tán lánàá. Pé ètò tuntun ń lo pilóòtì tuntun tí irú ẹ̀rọ wa ò mọ̀. Kí n kọ ìlà kan sínú fáìlì kan, ìlà náà yóò ní kó padà sí pilóòtì àtijọ́. Ó kọ ìlà náà fún mi. Ìlà kan péré.

Mo wọlé, mo kọ ọ́, mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án. Tàntí kí wa. Pẹ̀lú imú rẹ̀ tó dí yẹn, ó kí wa! Àbúrò mi pa àtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọwọ́ bo ojú. Èmi náà fẹ́ sunkún. Alhamdulillahi, mo ní nínú mi, ó ti parí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ara mi wá fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo tún fi kún un. Mo ní, "Ó ti gbẹ nìyẹn. Má tún gbé gààrí sún mọ́ ọn mọ́ o."

Wallahi, mo sọ bẹ́ẹ̀.

 Àbúrò mi ká okùn iná ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi í sínú àpò, ó gbé kọ̀ǹpútà lé e. Ó fa síìpù àpò náà dé. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ."

Mo ní, "Sọ ọ́."

"Mo wà lábẹ́ fèrèsé lánàá, níbi tí mo ti ń kó aṣọ. Mo gbọ́ Tàntí. Ẹ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ó ní mízàjúù ti parí, kí ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tàn."

 Ojú tì mí débi pé mo dúpẹ́ pé kò rí mi, ìyẹn náà sì tún jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Mo ní, "Kí ló wá dé tó o fi ń bẹ̀ mí? O fi ọwọ́ wá omi nídìí ẹ̀rọ, mo rí ọ!"

Ó ní, "Gààrí mi ti tán nínú abọ́ kí n tó dìde. Mo mọ̀ pé kò sí omi kankan." Ó gbé àpò kọ́ èjìká. Kò pariwo, bó ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ọjà ló ń sọ ọ́. "Bí mo bá ní ẹ̀yin lẹ ṣe é, inú á bí yín, ẹ máa jù ú sílẹ̀, ẹ máa jáde lọ. Ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí. Ta ni màá wá pè kó bá mi wò ó? Mo rò ó pé ó sàn kí n jẹ̀bi, kí ẹ̀yin sì jókòó."

Zẹ́m ti ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí n sìn ín lọ. Ó ní rárá, kí n má ṣe ìyọnu, òun ti mọ ọ̀nà. Mo dì í lọ́wọ́ mú gun ọ̀kadà náà, mo tẹ àpò náà mọ́ ọn láyà. Mo fẹ́ sọ pé kó dárí jì mí, níwájú ọlọ́kadà. Ohun tí mo rí sọ ni pé kó di nǹkan mú dáadáa.

Wọ́n gbà á. Ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, owó oṣù tirẹ̀ ló fi ra bàtà tó ń wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo ti bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, á ní ó ti tán, kí n gbàgbé. Mo kọ́ ọ bó ṣe lè máa ṣe mízàjúù fúnra rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó bá wo wa á ní kò sí nǹkan kan láàárín wa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó wá sí báráàkì mi, nǹkan kan ń yọ ọ́ lẹ́nu lórí ẹ̀rọ. Mi ò tètè rí i. Mo ń bá oníbàárà kan fa ọ̀rọ̀ lórí fọ́tókópì tó ní kò mọ́, ohùn mi ti lọ sókè, gbogbo ọ̀nà ló ń gbọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, mo yíjú, mo rí àbúrò mi tó fara ti páànù níta, ó di àpò kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò wọlé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú yín ti rọ̀? Àbí kí n lọ, kí n padà wá lọ́la?"